Ọ̀rọ̀ Tí O Fi Ìkúnlẹ̀ Bẹ̀rẹ̀

Agege,
Àárọ̀ Sátidé.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

"Ẹni tí ẹ̀rù bá ṣì ń bà láti dúró sọ̀rọ̀ níwájú èrò, ẹni náà kò tíì wáyé, inú ìyá rẹ̀ ló ṣì wà." Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́. Ọ̀gbẹ́ni tó wọ kóòtù aláwọ̀ sánmà, tó gba gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì ní òpópónà Allen láti máa kọ́ èèyàn ní ìgboyà, òun ló sọ ọ́, ìwọ sì tún un sọ fún wa lánàá bí ẹni pé láti orí òkè ni wọ́n ti gbé e sọ̀ kalẹ̀. Mo ti rò ó síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọ, tàbí kí n sọ pé mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ igbe rẹ. Àwọn nọ́ọ̀sì gbọ́ ọ. Àwọn tó wà ní wọ́ọ̀dù kejì náà gbọ́ ọ, wọ́n sì ráhùn. Nítorí náà, bí ọ̀gbẹ́ni yìí bá ní ẹ̀rí pé o kò tíì wáyé, kó jọ̀ọ́ mú un wá, kí èmi àti ìyá rẹ lè mọ ẹni tí a ti ń tọ́ láti ọjọ́ yìí.

Mo ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ ni, torí bí mo bá fẹnu sọ ọ́, wàá ní, "Dádì, ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀ kíláàsì." Òótọ́ ni. Tíṣà kì í fẹ̀yìn tì. Kíláàsì ló máa ń fẹ̀yìn tì kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, òun náà á sì máa wá òmíràn kiri inú ilé. Lánàá, ẹkún kò jẹ́ kí o gbọ́ tèmi. Lẹ́tà ní sùúrù ju ẹnu lọ. Bó bá wù ọ́ láti sunkún, gbé e kalẹ̀, sunkún rẹ tán, kí o tún gbé e.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ to ọ̀rọ̀ náà bí mo ṣe gbọ́ ọ, kí o lè mọ̀ bí mo bá ṣì í gbọ́. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n fi ọ́ ṣe súpáfáísà ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀rá ìdìǹkan, níbi tí o ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìlúpéjú. Ìwọ tí o wọ ibẹ̀ ní òṣìṣẹ́ ojúmọ́, tí kò mọ̀ bóyá wọn óò tún pe òun lọ́la, ìwọ ni gbogbo ẹ̀ka rólà, irin ńlá tó ń yí tó ń fa ọ̀rá, yóò máa gbọ́ tìrẹ. Iṣẹ́ rólà kò bà ọ́ lẹ́rù. Ohun tó bà ọ́ lẹ́rù ni ìpàdé orí ìdúró tí súpáfáísà máa ń bá àwọn òṣìṣẹ́ ṣe láràárọ̀ kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ: àdúrà ráńpẹ́, tí Mùsùlùmí yóò ṣe lónìí, tí Kìrìsìtẹ́nì yóò ṣe lọ́la, lẹ́yìn náà ìkìlọ̀ súpáfáísà, kí ẹnikẹ́ni má baà fara pa.

O fi gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè kọ ọ̀rọ̀ sórí ìwé ní gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó di àárọ̀ Mọ́ńdè, wọ́n ṣàdúrà tán, o gun orí pákó tí wọ́n ń to ẹrù lé, o gbójú sókè. Ta lo rí níwájú gan-an? Bàbá Ràsákì, ará Ògbómọ̀ṣọ́, tó kọ́ ọ níṣẹ́ nígbà tí o kò tíì mọ iwájú rólà yàtọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Kí o tó mọ ohun tí ò ń ṣe, orúnkún rẹ ti kanlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, Bàbá." Súpáfáísà, lórí pákó, nínú aṣọ iṣẹ́ tuntun, lórí ìkúnlẹ̀. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. O dìde, o wo ìwé, o ní ṣe ni gbogbo ohun tó wà lórí ìwé náà pa rẹ́ mọ́ ọ lójú. O sọ pé, "Ẹ ṣeun," o sì sọ̀ kalẹ̀.

Láti Túsìdè títí di àná, o ní ọ̀fun ń dùn ọ́. Nítorí náà, wọ́n á ṣe àdúrà, wọn kò ní gbọ́ ìkìlọ̀ kankan, wọ́n á tan ẹ̀rọ. Ìyẹn ni pé Ọlọ́run nìkan ló ń ṣe súpáfáísà ní ẹ̀ka yín láti bí ọjọ́ mélòó kan. Mánẹ́jà ti wá ní kí o fún òun lésì ní Mọ́ńdè: bí o kò bá lè máa sọ̀rọ̀ àárọ̀, kí o dá ipò náà padà, kí òun fi ẹlòmíràn sí i. O jókòó sórí àga ìránṣọ ìyá rẹ, o ní o máa dá a padà. Ìdí tí mo fi gbé kálàmù nìyẹn.

Àbẹ̀kẹ́, àwa òbí rẹ náà lọ́wọ́ nínú ẹ̀rù yìí, mi ò ní ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Nígbà tí o wà ní kékeré, a ní, "Dákẹ́, àgbà ń sọ̀rọ̀." Ó tún di ọjọ́ kejì, a ní, "Ọmọbìnrin kì í pariwo." A fi òwe tì í lẹ́yìn, a ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Lẹ́yìn tí a ti fi gbogbo ọdún yẹn kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di ẹyin mú, a wá ń bínú pé o kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ kalẹ̀. Òwe náà dára, ṣùgbọ́n ó ku ìdajì tí a kò kọ́ ọ: ẹyin tí èèyàn dì mú tí kò gbé kalẹ̀ rárá, ọwọ́ onítọ̀hún ló máa bàjẹ́ sí.

Ó yá, èkínní. Fi gẹ̀ẹ́sì ńlá sílé.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di tíṣà, ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí kò jìnnà sí ojú irin níbí, èmi gbà pé gẹ̀ẹ́sì ńlá ni oògùn ẹ̀rù. Wọ́n ní kí n bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ ní asẹ́ńbìlì lórí àṣà pípẹ́ dé ilé-ìwé. Mo gbé ìwé atúmọ̀ èdè lé itan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ọ̀rọ̀ tó gùn jù nínú rẹ̀ bí ẹni ń ṣa ìgbín lẹ́yìn òjò. Lọ́jọ́ náà, bí mo bá ti tú ọ̀kan sílẹ̀, àwọn ọmọ á pàtẹ́wọ́. Bí mo bá tú èyí tó gùn jù ú lọ sílẹ̀, wọ́n á hó yèè. Mo sọ̀ kalẹ̀ bí ọba tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbadé. Mo wọ kíláàsì, mo ní kí ọmọbìnrin kan tó jókòó níwájú sọ ohun tí mo wí fún wọn. Ó dìde, ó ronú dáadáa, ó ní, "Sà, ẹ ní ká má máa fi omi táǹkì ṣòfò."

Mi ò dárúkọ omi. Mi ò dárúkọ táǹkì. Lọ́jọ́ kejì, àwọn tó pẹ́ dé pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọmọbìnrin náà sì wà lára wọn.

Gẹ̀ẹ́sì tí mo wọ̀ lọ́jọ́ náà, agbádá àyálò ni. Ó bo ẹ̀rù mi lóòótọ́, ó sì bo ọ̀rọ̀ mi mọ́ ọn. Mo ti wo ìwé tìrẹ tí o gbàgbé sórí tábìlì wa. O kọ́kọ́ kí àwọn olùdarí ilé-iṣẹ́, tí wọn kò sí níbẹ̀. O kí mánẹ́jà àgbà, tó wà nínú yàrá rẹ̀ lókè. O kí gbogbo ẹni ọ̀wọ̀ yòókù ní ipò-dé-ipò. Kí o tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ rólà wà, ìwé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Kì í ṣe tìrẹ nìkan. Gbogbo wa ni a máa ń ṣe é ní orílẹ̀-èdè yìí: a máa ń kí àga tán kí a tó kí ẹni tó jókòó lórí rẹ̀. Èdè tí o fi ń bá wọn jà nígbà tí ẹnì kan bá mu omi inú ìgò rẹ, òun ni kí o fi bá wọn sọ̀rọ̀. Yorùbá Èkó tiwa yìí, pẹ̀lú pijin tó bá yẹ, àti ìkíni "sànnu" kan fún àwọn ará òkè Ọya tó ń gbé ẹrù. Kò sí ẹni tó máa pàtẹ́wọ́ fún ọ. Wọ́n á kàn gbọ́ ọ ni.

Èkejì, má bá ara gbígbọ̀n jà.

O sọ pé ọwọ́ rẹ gbọ̀n. Ọmọ ta ni ọ́ tí ọwọ́ rẹ kò fi ní gbọ̀n? Ní ìpàdé ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù àdúgbò wa, nígbà tí o ṣì kéré, mo dìde láti sọ̀rọ̀ lórí gọ́tà tó là kọjá níwájú ilé wa. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ tó gbóòórùn ìwé, lórí ìmọ́tótó àyíká láti ayébáyé wá. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di ìwé náà mú kó má baà gbọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ń pariwo bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ nínú ìjì. Alága ṣàánú mi. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ bá tíṣà pa fáànù. Iná kò sí láti àárọ̀.

Mo jókòó. Ìyá rẹ bá dìde. O mọ ìyá rẹ. Gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí aránṣọ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ju "gbé apá sókè" lọ. Ó di ẹ̀yìn àga tó wà níwájú rẹ̀ mú, àga náà ń gbọ̀n débi pé ẹni tó jókòó lórí rẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Kò wo alága. Kò wo èmi náà. Àlàájà Ṣìfáwù, tó máa ń yá wa ní iyọ̀ lórí fẹ́ǹsì, ló wò, bí ẹni pé fẹ́ǹsì yẹn ló wà láàárín wọn. Ó ní, "Ọmọ mi bọ́ sínú gọ́tà yẹn lọ́jọ́ Fúráìdè. Ẹ̀yin tí ẹ bá mi fà á yọ, ẹ ṣeun. Mo fẹ́ ká bo gọ́tà náà kí òjò tó dé." Ó sì jókòó.

Wọ́n bò ó kí òjò tó dé. Ìmọ́tótó láti ayébáyé ṣì wà nínú àpótí mi.

Bí a ṣe ń lọ sílé, mo bi í bóyá ẹ̀rù kò bà á ni. Ó ní, "Ẹ̀rù bà mí. Ẹ̀rù gọ́tà yẹn ló kàn bà mí jù." Àbẹ̀kẹ́, ìwọ ni ọmọ tí wọ́n fà yọ nínú gọ́tà yẹn. Bàtà rẹ ẹsẹ̀ kan ṣì wà lábẹ́ sìmẹ́ńtì níbẹ̀ di òní. Mo ti ka ìwé tó pọ̀ lórí ìgboyà láti ìgbà náà, mi ò tíì rí èyí tó sọ ọ́ dára tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń dúró kí ẹ̀rù tán kó tó sọ̀rọ̀, yóò dúró pẹ́. Wá ohun tó yẹ kó bà ọ́ lẹ́rù ju ojú èèyàn lọ, kí o sì sọ̀rọ̀ nítorí rẹ̀. Bí ọwọ́ bá ń gbọ̀n, wá nǹkan tó wúwo dì mú. Má di ìwé mú.

Ojú ẹnì kan ṣoṣo ni kí o sì wò o. Èyí ni ẹ̀kẹta, inú ti ìyá rẹ ló sì ti jáde. Gbogbo èèyàn tó pọ̀ níwájú rẹ yẹn, kò sí ẹni tó lè bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àní ọ̀gbẹ́ni oníkóòtù ti Allen yẹn pàápàá kò lè ṣe é. Wá ẹnì kan tí o lè bá sọ̀rọ̀ lórí fẹ́ǹsì. Àwọn tó kù á máa tẹ́tí lé e, torí kò sí ohun tí ọmọ Nàìjíríà fẹ́ràn bí ọ̀rọ̀ tí wọn kò bá a sọ.

Má sì pariwo. Ní Oko Ọba, níbi tí ìyá rẹ ti ń rán mi lọ ra ẹran nísinsìnyí tí kò sí iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ mi, obìnrin kan wà tó ń ta ṣàkì. Gbogbo àwọn tó yí i ká ń kígbe, "Oníbàárà mi, yà síbí." Òun kì í kígbe. Ó máa ń rọra sọ̀rọ̀ débi pé èèyàn gbọ́dọ̀ tẹ̀ síwájú kó tó gbọ́, bí o bá sì ti tẹ̀ síwájú, o ti wà níwájú ìsọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Mi ò lọ síbẹ̀ rí kí n má ra ohun tí n kò fẹ́ rà. Wọn kò tíì tan rólà nígbà tí ò ń sọ̀rọ̀ láàárọ̀. Ta lò ń pariwo lé lórí? Rọra sọ ọ́, kí wọ́n sún mọ́ ọ.

Mo ti gbàgbé iye tí mo kà dé. Ìwọ bá mi kà á.

Ti pé ọ̀rọ̀ pa rẹ́ mọ́ ọ lójú. Mo fẹ́ rán ọ létí ọmọdébìnrin kan tí mo mọ̀. Ó gun orí pẹpẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ayẹyẹ àwọn ọmọdé láti ka àkọ́sórí, ó fi rìbọ́ǹnù so irun rẹ̀, ó sì gbàgbé ìlà kejì. Àwọn ọmọ tó ṣáájú rẹ̀ gbàgbé, wọ́n bú sẹ́kún. Ọmọ yìí kò sunkún. Ó sọ sínú máíkì fún gbogbo ìjọ pé, "Ẹ dúró ná, mò ń bọ̀." Ó sáré la àárín ìjọ kọjá, ó bi ìyá rẹ̀ léèrè, ó sáré padà, ó sì parí rẹ̀. Pásítọ̀ fúnra rẹ̀ dúró dè é. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń wo ọmọ tí mo bí, mo ń ronú pé èmi tí mo jẹ́ tíṣà kò tó bẹ́ẹ̀.

Ọmọ yẹn ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá tún pa rẹ́ mọ́ ọ lójú, sọ fún wọn pé kí wọ́n dúró ná. Ìdákẹ́jẹ́ tó gùn bí ọdún kan létí rẹ, ìmí kan ni létí tiwọn. Iṣẹ́ ni wọ́n ń lọ ṣe, kò kán wọn lójú.

Nísinsìnyí, mo fẹ́ kí a sọ̀rọ̀ nípa suẹ́tà.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, Bàbá Ràsákì wọ suẹ́tà sábẹ́ aṣọ iṣẹ́ nítorí òtútù àárọ̀. Ọwọ́ suẹ́tà náà gùn, ó jáde. Rólà mú fọ́nrán òwú rẹ̀ kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Ìwọ lo ròyìn rẹ̀ fún wa pé gbogbo àwọn tó wà nítòsí la ẹnu, kò sí ohùn kankan tó jáde. Ìwọ wà ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí o ti ń di ọ̀rá sínú páálí. O ní, "Ẹ pa rólà." Ẹni tó wà nídìí bọ́tìnì pa á kó tó mọ ẹni tó pàṣẹ. Ọwọ́ suẹ́tà lọ. Ọwọ́ bàbá kù.

O sọ ìtàn yẹn fún wa bí ẹni ń sọ pé òjò rọ̀ ní Ìlúpéjú. Ò ń jẹun lọ. Èmi dìde, mo wọ yàrá, mo ní mò ń wá gíláàsì mi. Ojú mi ni gíláàsì náà wà.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré. O kò kí olùdarí. O kò wo ìwé. O kò bi ara rẹ pé ta ni ìwọ tí ò ń pàṣẹ fún àwọn tó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó gbà ọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀gbẹ́ni Allen àti kóòtù rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò rò pé nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti sọ nínú gbọ̀ngàn yẹn, ó tíì sọ mẹ́ta tó gba ọwọ́ èèyàn là. Nítorí ọ̀rọ̀ yẹn ni mánẹ́jà fi fi ọ́ ṣe súpáfáísà. Wọn kò fi ẹlẹ́nu dídùn sípò. Ẹni tí ohùn rẹ̀ jáde nígbà tí ti àwọn yòókù há ni wọ́n fi síbẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, àmọ́ kò sí ẹni tó pa òwe fún wa lórí ohun tí ọmọ yóò ṣe bí ọwọ́ àgbà bá ń wọ inú rólà. Ìwọ lo ṣe é, láìdúró de òwe.

Ó wá ku ti ìkúnlẹ̀, èyí tí o tìtorí rẹ̀ sunkún.

Lánàá, láàárín ẹkún, mo bi ọ́ pé kí ni Bàbá Ràsákì ṣe nígbà tí o kúnlẹ̀. O ní, "Kò ṣe nǹkan kan, Dádì. Ó kàn ní kí n dìde."

Mo ní, báwo ló ṣe sọ ọ́?

O fi etí ìró ìyá rẹ nu imú. O ní, "Ó ní, 'Dìde, ọ̀gá mi.'"

O sì kọjá lórí rẹ̀ bí ẹni tó tẹ góòlù mọ́lẹ̀ tó rò pé òkúta ni. Èmi kò lè kọjá. Mo sùn lé e, mo jí lé e. Ìwọ fúnra rẹ lo sọ fún wa nígbà kan pé bàbá yẹn kì í ṣí fìlà fún mánẹ́jà, pé àwọn ọmọ rẹ̀ jù ọ́ lọ, pé òun ló ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ pé ilé-iṣẹ́ yẹn kò tíì ní ọ̀gá gidi kan rí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ dúró níwájú gbogbo òṣìṣẹ́, ó sì pè ọ́ ní ọ̀gá òun. Àwọn yòókù ń rẹ́rìn-ín. Òun ń fi ọ́ joyè. Ẹ̀rín wọn lo gbé wálé, o fi oyè sílẹ̀ lórí pákó.

Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé súpáfáísà kì í kúnlẹ̀. Ẹ̀kọ́ ilé lo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ, mi ò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ohun tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ bẹ̀rẹ̀ rí. Ibi tí o ti ṣe é ni kí a tún ṣe. Bí bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ bá ti já yín sílẹ̀, kí wọ́n tó pe àdúrà, rìn yí ọgbà ká, kí àwọn àgbà níbi tí wọ́n dúró sí, kúnlẹ̀ fún ẹni tó bá yẹ, bi wọ́n léèrè ilé, bi wọ́n léèrè ara. Parí gbogbo ìyẹn nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nígbà tí o bá wá gun pákó, o kò jẹ ẹnikẹ́ni ní ìkíni mọ́, ìkìlọ̀ nìkan ló kù, wọn óò sì gbà á lẹ́nu rẹ. Ọ̀dọ́ tó bá lọ bá àgbà láìkí i, tó ní, "Ẹ ká ọwọ́ aṣọ yín," ó ti rí i fín. Bó bá jẹ́ ẹni tó ti kúnlẹ̀ kí i ló sọ ọ́, ọmọ tó ń tọ́jú bàbá rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Orúnkún tó ṣáájú rẹ̀ ló mú un yàtọ̀.

Mi ò ní sọ fún ọ pé o kò gbọ́dọ̀ dá ipò náà padà. Àgbàlagbà ni ọ́, bí o bá dá a padà, ìrẹsì wà nílé, orúkọ rẹ kò sì ní yí padà lẹ́nu wa. Ohun tí mo fẹ́ kí o mọ̀ kí o tó wọ yàrá mánẹ́jà ni pé kò sí ọmọ kan nínú gbogbo àwọn tí mo kọ́, láti ọjọ́ ọlọ́mi táǹkì yẹn títí di ọjọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, tí mo yọ́ wò láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn bí mo ṣe ń yọ́ ọ wò. Mò ń wò ọ́ láti ọjọ́ tí o ti ké ní wọ́ọ̀dù. Ohùn rẹ kò yí padà.

Kí Ọlọ́run fi òróró sí ọ lọ́fun. Má gbàgbé láti mu omi gbígbóná, bó bá jẹ́ pé ọ̀fun ń dùn ọ́ lóòótọ́.

Èmi ni,
Dádì rẹ, tí kíláàsì kò tíì fi sílẹ̀.

Mo fún ìyá rẹ ní lẹ́tà yìí kà, torí òun ni yóò mú un wá fún ọ lọ́la. Ó kà á dé òpin, ó bọ́ gíláàsì, ó ní ó gùn jù. Ó ní bó bá jẹ́ òun ni, ìbéèrè kan ṣoṣo lòun ì bá kọ. Bí o ṣe ń wọ bàtà lẹ́nu ọ̀nà lánàá, o sọ fún un pé ìyàwó Bàbá Ràsákì ti ra suẹ́tà mìíràn fún un, pé ó ti ń wọ̀ ọ́ wá síbi iṣẹ́ láti ọjọ́ Túsìdè, pé ọwọ́ èyí gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, àti pé kò sí ọ̀dọ́ kankan níbẹ̀ tó lè la ẹnu sọ fún un. Ó ní kí n bá òun bi ọ́: ní Mọ́ńdè, bí ẹlòmíràn bá gun pákó yẹn, tó ka ìwé gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tán, ta ni yóò sọ fún Bàbá Ràsákì pé kó ká ọwọ́ suẹ́tà rẹ̀ sókè?